Èwo Nínú Àwọn Lọ́ọ̀kì Ọ̀bẹ Kíká Ni A Lè Fọkàn Tán?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, nígbà tí a ń gé èbù iṣu ní oko wa lẹ́yìn Ìsánlú, ọ̀bẹ kíká tí mo rà lọ́jà ká mọ́ ìka ìfábẹ̀lá mi lójijì. Kì í ṣe iṣẹ́ líle ni mo fi ń ṣe. Mo fẹ́ fi ṣóńṣó rẹ̀ lu ẹnu àpò ajílẹ̀ kan kí n lè ki okùn bọ̀ ọ́. Ṣóńṣó náà há sára àpò, mo tì í síwájú díẹ̀, ewé irin kékeré tó yẹ kó dá ọ̀bẹ dúró sì yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ láìdún rárá. Kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, irin ọ̀bẹ ti padà sórí ìka tó di èèkù mú. Ẹ̀jẹ̀ dá, ọgbẹ́ jiná, ṣùgbọ́n ìka náà kò ká délẹ̀ mọ́ títí di òní, ó sì máa ń ro mí bí ọyẹ́ bá dé.

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kíká lè gé ọwọ́ tó di èèkù náà mú, ohun kan ṣoṣo tó sì dúró láàárín ọwọ́ àti ojú ọ̀bẹ náà ni irin kékeré tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní lọ́ọ̀kì. Láti ìgbà tí ọ̀bẹ ti gé mi ni mo ti ń tú ọ̀bẹ kíká tí mo bá rí palẹ̀, tuntun àti tòkunbọ̀, láti mọ ohun tó ń mú lọ́ọ̀kì kan dúró tí òmíràn fi ń yẹ̀. Àbúrò mi kan tó ń lẹ ẹ̀ka kajú mọ́ ọmọ igi ní Kàbà ló wá bi mí pé èwo ni kí òun rà nínú oríṣiríṣi tó wà lóde. Ìdáhùn tí mo fún un ni mo tò sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará wa ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, àgbẹ̀, ọdẹ, adẹ́mu, awakọ̀ àti àwọn tó ń tún iná ṣe, ló ń rà á láìwò ju bóyá ó mú tàbí kò mú lọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Kí a tó dárúkọ ọ̀bẹ kankan, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí lọ́ọ̀kì ń ṣe àti èyí tí kì í ṣe. Nígbà tí a bá fi ọ̀bẹ gé nǹkan lọ sísàlẹ̀, bí ìgbà tí a ń gé iṣu lórí pákó, agbára ọwọ́ wa ń ti irin ọ̀bẹ láti túbọ̀ ṣí sílẹ̀ ni, kì í ṣe láti pa dé. Lọ́ọ̀kì kò gbé ẹrù kankan nígbà náà. Ìgbà mẹ́ta ni ẹrù ń bọ́ sórí rẹ̀: bí a bá fi ṣóńṣó gún nǹkan, bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ bá kọlu nǹkan, àti bí ọ̀bẹ bá há sínú igi tí a sì ń mì ín kó lè jáde. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹrù tó ń bọ́ sórí lọ́ọ̀kì pọ̀ ju bí ọwọ́ wa ṣe rò lọ. Bí ṣóńṣó ọ̀bẹ bá jìnnà sí ìṣó tó ń yí lé lórí ní sẹ̀ǹtímítà 9, tí ibi tí lọ́ọ̀kì ti ń dá irin ọ̀bẹ dúró kò sì ju mìlímítà 6 sí ìṣó náà, agbára tó bá ṣóńṣó yóò di ìlọ́po 15 kó tó dé ọ̀dọ̀ lọ́ọ̀kì. Ẹrù kílò 10 péré, tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan tì, á di kílò 150 lórí irin kan tí kò fẹ̀ tó èékánná. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta nìyẹn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wò ni bí lọ́ọ̀kì ṣe ń bàjẹ́: ṣé ó máa ń kọ́kọ́ fi àmì hàn, tàbí ó máa ń yẹ̀ lójijì? Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju iye ẹrù tó lè gbé lọ, nítorí gbogbo lọ́ọ̀kì ló ń gbó, èyí tí ojú lè rí pé ó ti wọlé tàbí pé kò tíì wọlé sì sàn ju èyí tó lágbára ṣùgbọ́n tó fi ara pamọ́. Lẹ́yìn èyí ni mo ń wo bí ó ṣe ń ṣe nínú ìdọ̀tí tiwa gan-an, ìyẹn iyanrìn oko, oje iṣu tó ń gan bí àtè, omi kajú tó ń jẹ irin, àti eruku ọyẹ́ tó ń wọ gbogbo ihò. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ìka wà nígbà tí a bá ń pa ọ̀bẹ dé. Iye owó àti bóyá ẹni tó wà nítòsí lè tún un ṣe ló gbẹ̀yìn, kì í ṣe nítorí pé owó kò ṣe pàtàkì, bí kò ṣe pé ìtọ́jú ìka ní ọsibítù wọ́n ju ọ̀bẹ tó dára jù lọ nínú ọjà Kàbà.

Èyí tí kò ní lọ́ọ̀kì rárá

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ kíká tí àwọn bàbá wa ń fi sápò kò ní lọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì kan ló wà lẹ́yìn èèkù tó ń tẹ ìdí irin ọ̀bẹ, tó ń mú kó le díẹ̀ láti ṣí, kó sì le díẹ̀ láti pa dé. Ọ̀bẹ pupa ti Swítsàlandì tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí Karl Elsener gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1897, irú rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ilé iṣẹ́ Victorinox ń ṣe títí di òní kò sì ní lọ́ọ̀kì kankan.

Èrè rẹ̀ ni pé kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ mọ̀ pé yóò ká bí òun bá fi gún nǹkan, nítorí náà kò ní fi gún un. Kò sí ihò tóóró tí iyanrìn lè dí mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ewé irin tó lè tẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì lè lo ogún ọdún. Fún gígé èso, bíbó ọsàn, gígé òwú níwájú òfì tàbí títú wáyà, kò sí ohun tí a tún ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ní gígún tàbí mímì nínú kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ọlọ́rùka

Ní Faransé, ní agbègbè òkè Savoie, Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ àgbẹ̀ onígi kan ní 1890. Kò ní lọ́ọ̀kì nígbà náà. Ní 1955 ni Marcel Opinel fi òrùka irin kan kún un tí wọ́n ń pè ní Virobloc: lẹ́yìn tí a bá ti ṣí ọ̀bẹ, a ó yí òrùka náà pẹ̀lú àtàǹpàkò títí ẹnu rẹ̀ tó là yóò fi kúrò lọ́ọ̀kán irin ọ̀bẹ, apá tó dí nínú òrùka yóò sì dí ojú ọ̀nà tí irin ọ̀bẹ ń gbà ká, kò ní lè padà mọ́. Láti 2000 ni òrùka náà ti lè ti ọ̀bẹ pa nígbà tí ó bá ká, kó má baà ṣí sínú àpò ṣòkòtò.

Mo fẹ́ràn lọ́ọ̀kì yìí ju bí iye owó rẹ̀ ṣe jẹ́ lọ, ìdí rẹ̀ sì ni ohun tí mo sọ ṣáájú: ojú ń rí i. Bí òrùka bá ti yí, a rí i pé ó ti yí. Bí kò bá yí, a rí ihò rẹ̀ gbayawu níwájú wa. Kò sí sípíríǹgì tó ń dá a ṣe fún wa, ọwọ́ wa ló ń tì í. Ìyàtọ̀ kan tún wà: òrùka náà máa ń le bí ó ṣe ń lọ, nítorí wọ́n ṣe é kó fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà bí ó bá gbó, a ó kàn yí i síwájú díẹ̀ sí i ni. Ìyẹn ni àmì tó ń fún wa ní ìkìlọ̀ ọdún púpọ̀ kó tó di ewu.

Àléébù rẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, ó ń fẹ́ ọwọ́ méjì, ẹni tó bá sì ń kánjú lè gbàgbé láti yí òrùka, á wá dà bí ẹni pé ó mú ọ̀bẹ tí kò ní lọ́ọ̀kì. Èkejì, igi ni èèkù rẹ̀. Ní oṣù keje àti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, igi náà máa ń wú, irin ọ̀bẹ á sì há débi pé ọwọ́ kò ní lè fà á jáde. Àwọn ará Savoie fúnra wọn máa ń fi ìdí èèkù gbá orí tábìlì kí orí irin ọ̀bẹ lè yọ, ọgbọ́n náà sì ń ṣiṣẹ́ níbí pẹ̀lú. Èyí tó sàn jù ni kí a fi àbẹ́là pa ibi tí irin ti ń wọ igi nígbà tí ó ṣì gbẹ. Kí ẹni tí yóò rà á rí i pé INOX, ìyẹn irin tí kì í tètè dípẹtà, ni wọ́n kọ sára irin rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Carbone sí mú gidigidi, ṣùgbọ́n omi kajú yóò sọ ọ́ di dúdú kí ilẹ̀ tó ṣú, ìpẹtà yóò sì tẹ̀ lé e. No. 8, tí irin rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.5, ló bá ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Ní òkè òkun, kì í wọ́n púpọ̀.

Lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn

Èyí ni wọ́n ń kọ sára páálí ní lockback. Lẹ́yìn èèkù rẹ̀, irin gígùn kan wà tó jókòó lórí ìṣó ní àárín, bí pákó tí ọmọ méjì ń gùn, tí ọ̀kan ń lọ sókè tí èkejì ń bọ̀ sísàlẹ̀. Orí kan irin náà ní eyín tó ń bọ́ sínú ihò tí wọ́n gé sí ìdí irin ọ̀bẹ. Sípíríǹgì ló ń ti orí kejì sókè kí eyín náà lè dúró síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ pa ọ̀bẹ dé, a ó tẹ orí kejì yìí wọlé, eyín á sì gbéra kúrò nínú ihò.

Ọ̀bẹ tó sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Buck 110 ti Amẹ́ríkà, tí Al Buck gbé jáde ní 1964 fún àwọn ọdẹ. Irin rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9.5, ó ní idẹ ní orí àti ìdí èèkù, ó sì wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 200, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi sápò ṣòkòtò yóò mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Mo ti rí tòkunbọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọdẹ kan ní ẹ̀bá Ẹ̀gbẹ̀, ọwọ́ ti dán idẹ rẹ̀ bí ojú owó, irin rẹ̀ ti tín-ín-rín nítorí pípọ́n, síbẹ̀ lọ́ọ̀kì rẹ̀ ń dún ketekete bí ó bá wọlé. Ó gbà mí láyè láti dì í mú. Nígbà tí mo mi irin ọ̀bẹ náà lọ sókè àti sísàlẹ̀, ó mì ní ìwọ̀n irun orí kan, bàbá náà sì ní, "Ó ti ń sọ fún mi láti bí ọdún mẹ́ta pé òun ti ń darúgbó. Èmi náà ti ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un."

Ọ̀rọ̀ bàbá náà ni ọlá lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Bí eyín àti ihò bá ń gbó, ọ̀bẹ á kọ́kọ́ máa mì lókè-ní-sàlẹ̀, olówó rẹ̀ á sì ti mọ̀ tipẹ́ kó tó di pé ó lè yẹ̀. Ó tún lè gba ẹrù ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí irin ló wọ inú irin, kì í ṣe pé ó kàn fi ara tì í.

Ọ̀tá rẹ̀ ni ìdọ̀tí. Ihò tí eyín ń bọ́ sí kéré, bí iyanrìn, ọ̀rá ẹran tàbí oje iṣu bá kún un, eyín náà kò ní wọlé tán, ọ̀bẹ á dà bí ẹni pé ó ti tì, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì eyín péré ló dúró. Àmọ́ ojú lè rí èyí náà bí a bá mọ ibi tí a ó wò: nígbà tí lọ́ọ̀kì bá wọlé dáadáa, irin ẹ̀yìn náà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú ẹ̀yìn èèkù, bí ó bá yọ gọngọ síta, ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Ẹ fi igi tóóró yọ ọ́ kúrò. Ewu kejì ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le, tó di èèkù mú pinpin débi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń tẹ ibi ìtúsílẹ̀ láìmọ̀. Nítorí èyí ni David Boye, alágbẹ̀dẹ ará Amẹ́ríkà kan, ṣe gbẹ́ irin náà wọlé díẹ̀ ní ibi tí ọwọ́ lè tẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ti gba ọgbọ́n náà. Ẹ wá kòtò kékeré yìí lẹ́yìn ọ̀bẹ kí ẹ tó rà á.

Àbúrò lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kan wà tí Andrew Demko ṣe fún ilé iṣẹ́ Cold Steel, tí wọ́n ń pè ní Tri-Ad. Wọ́n fi ìṣó líle kan sí àárín irin ọ̀bẹ àti irin ẹ̀yìn, ìṣó yìí ló ń gba ẹrù tí ìbá bọ́ sórí eyín, eyín náà sì láyè láti jókòó sí i bí ó ṣe ń gbó. Nínú gbogbo èyí tí mo ti dì mú, òun ni mo lè fi gún nǹkan líle láìdí ojú. Ó máa ń le láti pa dé nígbà tó ṣì wà ní tuntun, kò sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ewé irin, èyí tó kún ọjà

Liner lock ni wọ́n ń kọ sí i lára. Michael Walker ní Amẹ́ríkà ló tún irú rẹ̀ ṣe di ohun tí a mọ̀ lónìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ohun tó sì ṣe dára. Nínú èèkù, ewé irin kan wà tí wọ́n là ní ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n sì tẹ̀ wọ inú. Bí irin ọ̀bẹ bá ṣí tán, ewé náà á ta kọjá sẹ́yìn ìdí rẹ̀, á sì dá a dúró. Ọwọ́ kan ni a fi ń ṣí i, ọwọ́ kan ni a fi ń pa á dé. Nígbà tí a bá ṣe é pẹ̀lú irin tó dára, tí ojú ìdí irin ọ̀bẹ tẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo lọ́ọ̀kì, òun ló nílò ìfarabalẹ̀ ẹni tó ṣe é jù, òun náà sì ni wọ́n ń fi ìwàǹwára ṣe jù, nítorí kò náni lówó láti ṣe. Bí ìtẹ̀sí ojú ìdí irin bá yàtọ̀ díẹ̀ péré, ewé náà á máa yọ̀ kúrò bí ẹrù bá dé. Bí irin ewé bá rọ̀, á tẹ̀ tàbí kó jẹ. Bí epo bá wà lójú ibi tí wọ́n ti pàdé, á yọ̀. Bí a bá sì yí ọwọ́ nígbà tí ọ̀bẹ há, ẹran ìka wa fúnra rẹ̀ lè ti ewé náà kúrò. Kò sì sí ìkìlọ̀ nínú gbogbo èyí. Ohun tó ṣe èmi nìyẹn. Nígbà tí mo tú ọ̀bẹ náà palẹ̀ lẹ́yìn tí ọgbẹ́ mi jiná, ewé irin rẹ̀ kò nípọn tó mìlímítà kan, etí rẹ̀ tó ń kan ìdí irin ọ̀bẹ sì ti dán bí ibi tí wọ́n fi òkúta pọ́n, ìlà tóóró kan ṣoṣo, bí ìlà tí abẹ́rẹ́ fà, ni gbogbo ohun tó ń dá ọ̀bẹ dúró láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Mo ti ń lo ìlà náà fún oṣù mẹ́rin.

Ohun mìíràn tún wà. Láti pa á dé, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wọ ojú ọ̀nà tí irin ọ̀bẹ ń gbà, kó ti ewé náà sí ẹ̀gbẹ́, kó sì yára jáde. Fún ọwọ́ tí oje iṣu tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹran wà lára rẹ̀, èyí kò dára.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Mo ń sọ pé kí a wò ó. Ní ọjọ́ kan ní ọjà Kàbà, mo bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ọ̀bẹ, tọ́ọ̀ṣì àti àgádágodo lórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣí wọn wò kí n tó sanwó."

Wọ́n ní, "Àbúrò, bákan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o mú."

Mo ṣí márùn-ún tó jáde láti inú páálí kan náà, mo sì yí ìsàlẹ̀ wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀. Nínú méjì, ewé irin wọlé dé ìdá mẹ́ta ìbú ìdí irin ọ̀bẹ, bó ṣe yẹ kó rí ní tuntun. Nínú ọ̀kan, ó ti kọjá lọ kan ògiri kejì, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní ibi tí yóò sún sí mọ́ bí ó bá gbó. Nínú méjì yòókù, etí ewé nìkan ló kan irin. Mo fi han ọ̀gbẹ́ni náà, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò dára sọ́tọ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni à ń wò. Iye kan náà ni wọ́n ń ta gbogbo wọn.

Lọ́ọ̀kì ara èèkù

Nǹkan bí ẹ̀gbọ́n ewé irin ni èyí jẹ́. Chris Reeve, tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfríkà tó sì lọ fìdí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é sára ọ̀bẹ kan tó sọ ní Sebenza, ọ̀rọ̀ Súlú tó jẹ mọ́ iṣẹ́. Dípò ewé tóóró inú èèkù, ara èèkù fúnra rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ títániọ́mù, irin kan tó fúyẹ́ tó sì lágbára, ni wọ́n là tí wọ́n sì tẹ̀ wọ ẹ̀yìn irin ọ̀bẹ. Ó nípọn gan-an ju ewé irin lọ, ọwọ́ tó bá sì di èèkù mú ń tì í mọ́ ipò rẹ̀ sí i ni. Ògidì rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n Sebenza ju dọ́là 400 lọ, mi ò sì mọ àgbẹ̀ tí yóò gbé ọ̀bẹ iye yẹn sínú ẹrẹ̀. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, ara ayédèrú náà sì máa ń tín-ín-rín jù ní ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ kó lè tẹ̀. Mo ń fò ó kọjá.

Ìdábùú

Ní 1998, ilé iṣẹ́ Benchmade gbé lọ́ọ̀kì kan jáde tí Bill McHenry àti Jason Williams ṣe, wọ́n pè é ní Axis. Irin róbótó kékeré kan dábùú èèkù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, sípíríǹgì wáyà méjì sì ń tì í síwájú kó lè há sáàárín ìdí irin ọ̀bẹ àti ìṣó tó ń dá a dúró. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ti ń ṣe irú rẹ̀ báyìí, tí wọ́n ń pè é ní crossbar, nítorí náà ó ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí owó wọn kò tó ra ti àkọ́kọ́.

Ohun mẹ́ta ló wú mi lórí nípa rẹ̀. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì lè lò ó bí ẹni tó ń lo ọ̀tún, èyí tí ewé irin kì í sábà fàyè gbà. Kò sí ìka kankan ní ojú ọ̀nà irin ọ̀bẹ nígbà tí a bá ń pa á dé. Ìdábùú náà sì ń sún síwájú bí ó ṣe ń gbó, nítorí náà kì í tètè máa mì. Àìlera rẹ̀ ni wáyà méjèèjì: wọ́n tín-ín-rín bí okùn gìtá, wọ́n sì lè ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, èkejì ṣì ń gbé ìdábùú náà dúró, àtàǹpàkò sì máa mọ̀ pé ó ti rọ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn sì jẹ́ ìkìlọ̀ tó tó. Ṣùgbọ́n kò sí alágbẹ̀dẹ tàbí alátùn-únṣe kan ní ìlú wa tó ní wáyà yẹn. Kí ẹni tí yóò rà á ra wáyà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀bẹ tí à ń tẹ bọ́tìnì kó tó ká tún wà. Èyí tó dára nínú wọn dára, àmọ́ ìrísí wọn àti bí wọ́n ṣe ń ṣí fìrì jọ ti ohun ìjà lójú àwọn agbófinró, ẹni tó bá sì ń gba ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja lóde òní mọ bí ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró ṣe pọ̀ tó. Ọ̀bẹ onígi tó jọ ti àgbẹ̀ kì í mú ìbéèrè gígùn wá.

Bí a ṣe ń dán an wò lọ́jà

Ẹ kọ́kọ́ ṣí i jẹ́jẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú agbára, nítorí lọ́ọ̀kì tó bá nílò agbára kó tó wọlé kò ní wọlé nígbà tí ẹ bá ṣí i pẹ̀lú ọwọ́ tó rẹ̀. Ẹ wo ibi tí irin ti pàdé irin. Ẹ mi irin ọ̀bẹ sókè-sódò, lẹ́yìn náà sí ọ̀tún àti òsì: mímì sí ẹ̀gbẹ́ lè jẹ́ ti ìṣó tó dẹ̀, tí sìkúrúù lè fún; mímì sókè-sódò jẹ́ ti lọ́ọ̀kì, ẹ dá a padà. Nígbà náà ni kí ẹ fi ìka di èèkù mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan, kí ìka kankan má ṣe wà ní ibi tí ojú ọ̀bẹ lè ká sí, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan etí tábìlì onígi bí ìgbà tí a ń kan ilẹ̀kùn àgbà, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò yẹ kó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lílù kíkankíkan máa ń ba lọ́ọ̀kì tó dára jẹ́. Bí ó bá ká, ẹ dúpẹ́ pé orí tábìlì ló ti ká.

Nílé, epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí ẹ kán sí ìṣó rẹ̀, ẹ̀kán kan, kí ẹ sì nu ojú lọ́ọ̀kì gbẹ. Epo pupa máa ń dì bí àtè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ta ni yóò mú èwo

Ẹni tó ń gé, tí kì í gún, kí ó mú èyí tí kò ní lọ́ọ̀kì, kí ó sì fi owó tó kù ra òkúta ìpọ́nbẹ. Ọdẹ àti ẹni tó ń kun ẹran, lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni tiyín, ṣùgbọ́n ẹ máa fọ ihò rẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná lẹ́yìn ẹran kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀rá tó bá dì sínú rẹ̀ ni yóò tàn yín jẹ. Adẹ́mu tó wà lórí ọ̀pẹ, tí ọwọ́ kan rẹ̀ di igbà mú, kò lè máa fi ọwọ́ méjì yí òrùka. Bí kò bá lè ra onídàábùú, ọ̀bẹ tí kì í ká nínú àkọ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú gòkè. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ gígún tàbí yíyọ nǹkan tó há lójoojúmọ́, nítorí lọ́ọ̀kì tó dára jù lọ kò sọ ọ̀bẹ kíká di ọ̀bẹ gidi. Awakọ̀ àti alátùn-únṣe tó ń fẹ́ ọwọ́ kan lè mú ewé irin, bí ó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe júwe rẹ̀, tí ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ní ti àbúrò mi tó ń lẹ kajú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gba ìrònú. Nígbà tó bá ń bó ẹ̀ka, kò nílò lọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá la orí ọmọ igi sí méjì, ọ̀bẹ máa ń há, á sì ní láti mì ín jáde, ojú ọ̀bẹ á wà lókè, ìka rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Onídàábùú ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ omi kajú yóò jẹ wáyà rẹ̀. Ọlọ́rùka No. 8 tí wọ́n kọ INOX sí ló mú níkẹyìn. Ó fi àbẹ́là pa á ní ọjọ́ tó gbà á, ó sì fi ọ̀dà funfun sàmì kan sára òrùka àti òmíràn sára igi, kí ó lè rí i láti òkèèrè pé àmì méjèèjì kò sí lọ́ọ̀kán ara wọn kó tó fi ọ̀bẹ kan igi kankan.